Patch tó ń wọlé fúnra rẹ̀ lórí sáfà Unix: ẹ sọ ohun tí ojú yín ti rí

Onísáfà_Tuntun
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Script kan wà lọ́wọ́ mi tó ń lọ gba patch (àtúnṣe sí ètò kọ̀ǹpútà) fún àwọn sáfà wa lóru. Tí mo bá fọwọ́ ara mi pè é, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Tó bá ti di ọwọ́ cron (ètò tó ń pe iṣẹ́ ní àkókò tí a bá dá), nǹkan kan ò wọlé, kò sì sọ ohun tó ń ṣe é. Ta nirú eléyìí ti ṣẹlẹ̀ sí rí?

kò-sùn-lóru
PATH (ibi tí sáfà ti ń wá àwọn àṣẹ). Ẹ jẹ́ á sùn.

Bàbá Solaris
Àbúrò, má dá a lóhùn, gbogbo ìṣòro ayé ni PATH lójú rẹ̀. Jẹ́ n sọ tèmi. Nígbà tí à ń lo Solaris 10 (irú Unix kan), ọ̀pọ̀ patch ni wọn ò ní fún ọ láìjẹ́ pé script rẹ gbé orúkọ àti páásíwọ̀ọ̀dù lọ́wọ́. Tiwa ń fi wget kó wọn wá sínú fódà kan, tó bá di òpin ọ̀sẹ̀ a ó fi patchadd kì wọ́n sí i. Ó wá di ọjọ́ kan, unzip ní òun ò rí zip kankan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ fáìlì wà o, orúkọ rẹ̀ pé, .zip wà nídìí rẹ̀. Mo ní kí `file`, àṣẹ tó ń sọ irú fáìlì, bá mi wò ó, ló bá ní HTML, ojú ewé wẹ́ẹ̀bù, ni. Páásíwọ̀ọ̀dù ti kú tipẹ́! Ojú ewé tí wọ́n ti ń ní kí èèyàn wọlé ni script ń gbà sílẹ̀, tó ń sọ ọ́ lórúkọ patch. Fódà kún fún ojú ewé kan ṣoṣo. A sì ń ṣe backup rẹ̀.

Ìyá Ṣẹ́ẹ̀lì
"A sì ń ṣe backup rẹ̀" 😂😂 Bàbá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín.

grep_mi_wò
Ẹ má bínú, mi ò gbà. wget ì bá ti pariwo, script ì bá sì ti dúró.

Bàbá Solaris
Ariwo kí ni? 200 ("ó dára") ni wọ́n dá padà fún un. Ó béèrè fáìlì, wọ́n gbé fáìlì fún un, ó jáde pẹ̀lú 0, àmì pé kò sí àṣìṣe, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ìyá Ṣẹ́ẹ̀lì
Òótọ́ ni wọ́n sọ o. `curl -f` tó ń gba fáìlì bíi wget gan-an ò lè gbani níbẹ̀, nọ́ńbà àṣìṣe 400 sókè nìkan ló ń mú. Proxy (sáfà alágbàtà láàárín wa àti Íńtánẹ́ẹ̀tì) ló ṣe irú ẹ̀ fún wa níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí: ó ń dá ojú ewé "a ti dí ọ̀nà yìí" padà, tòun ti 200. Apt (ètò tó ń gba sọ́fítíwia) ló tú u fó, ó ní "Clearsigned file isn't valid, got 'NOSPLIT'", ìyẹn ni pé fáìlì náà kò tọ́, ó wá ń bi wá bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ń fẹ́ ká kọ́kọ́ wọlé. Script tí kò bá yẹ checksum (nọ́ńbà tó ń fi hàn pé fáìlì pé) tàbí ìbuwọ́lù wò kó tó ní òun ti parí, irọ́ ló ń pa.

Onísáfà_Tuntun
Ẹ ṣé gan-an, ṣùgbọ́n tèmi ò gba nǹkan kan sílẹ̀ rárá. HTML ọ̀hún pàápàá, mi ò rí i.

Ọmọ Daemon
Ṣé FreeBSD, irú Unix mìíràn, ni? Tó bá jẹ́ `freebsd-update fetch` lo kọ síbẹ̀, kò ní gbà láìsí èèyàn nídìí ẹ̀. `freebsd-update cron` ni kó o lò. Ìyẹn á kọ́kọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀, ó lè tó 3600 ìṣẹ́jú-àáyá, kí gbogbo ayé má baà ya bo sáfà wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mọ ẹnì kan tó máa ń pa á, ó ní ó ti há.

Onísáfà_Tuntun
Rárá, Debian (irú Linux kan) ni. Ìlà náà rèé:
`30 2 * * * /root/gba_patch.sh > /var/log/patch-$(date +%F).log 2>&1`

kò-sùn-lóru
%

Ìyá Ṣẹ́ẹ̀lì
Hẹ̀n-ẹ́n! Ibẹ̀ ni. Nínú crontab (fáìlì tí cron ń ka àṣẹ nínú rẹ̀), ibi tí % bá wà ni àṣẹ parí sí; ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀ ni cron á bu fún àṣẹ náà bí ohun tí èèyàn tẹ̀. `$(date +` nìkan ni ṣẹ́ẹ̀lì (ètò tó ń ka àṣẹ) rí, kò rí àkámọ́ tó máa pa á dé, script rẹ kò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kọ ọ́ báyìí: `\%F`. Ó sì ti sọ ohun tó ń ṣe é o, lẹ́tà ló kọ sí root (ọ̀gá sáfà). Tí kò bá sí ètò ìfìwéránṣẹ́ lórí sáfà yẹn, wàá rí "No MTA installed, discarding output" nínú log (ìwé àkọsílẹ̀ sáfà). Ta ló ń ka lẹ́tà root?

Bàbá Solaris
Èmi.

Ọmọ Daemon
Kí lo tiẹ̀ ń fi script ṣe lórí Debian? unattended-upgrades tó ń fi patch sí i fúnra rẹ̀ ńkọ́? apt-daily.timer, aago apt, ń jí ní agogo 6 àárọ̀ àti 6 ìrọ̀lẹ́, ó lè fi tó wákàtí 12 falẹ̀ kó tó lọ, torí náà má sọ pé kò ṣiṣẹ́ láìtíì wo /var/log/unattended-upgrades.

grep_mi_wò
Nǹkan kan ò ní fúnra rẹ̀ wọ sáfà tèmi. Ṣé ẹ ti gbàgbé xz, ètò ìfúnpọ̀ fáìlì tí wọ́n rí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nínú rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2024?

Ìyá Ṣẹ́ẹ̀lì
A ò gbàgbé. Ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 tí ọ̀ràn náà kàn ò dé Debian stable (ẹ̀dà tó dúró ṣinṣin). Andres Freund, ẹlẹ́rọ sọ́fítíwia kan, rí i pé ssh (ọ̀nà ìwọlé sí sáfà láti òkèèrè) ń falẹ̀, ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀, àṣírí tú. Ìwọ tó ń fọwọ́ ṣe é, ṣé o máa ń ka kóòdù xz kó o tó tẹ Enter ni?

grep_mi_wò
…mò ń dúró kí àwọn mìíràn kọ́kọ́ gbà á ná.

Ọmọ Daemon
Gbogbo wa ò lè jọ dúró, àbí? Ẹ̀yin tí ẹ tún ń fi uptime (iye ọjọ́ tí sáfà ti ń ṣiṣẹ́ láìpa) yangàn, ẹ wo `uname -r`. Kernel (ọkàn ètò) tuntun wà lórí díìsìkì, ti àtijọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Automatic-Reboot, tó ń pa sáfà tó tún ń tàn án, kì í ṣí fúnra rẹ̀.

Bàbá Solaris
Lórí Solaris 11, `pkg update` lè dá boot environment (ẹ̀dà ètò) tuntun sílẹ̀, tó bá bàjẹ́ o padà sí…

grep_mi_wò
Bàbá, Debian ló sọ pé òun ń lò o.

Onísáfà_Tuntun
Mo ti fi \ sí i, ó ṣiṣẹ́! Àmọ́ ó tún kọ "No space left on device", /boot (ibi tí àwọn kernel wà) ti kún. Ṣé kí n fi rm yọ díẹ̀?

Ìyá Ṣẹ́ẹ̀lì
Rárá o! `apt autoremove --purge` ni. Wo orúkọ àwọn tó fẹ́ yọ kó o tó dáhùn y.