ESR mi gòkè, CRP mi wà nílẹ̀: èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣàánú mi. Ulcerative colitis, àrùn tó ń mú ìfun ńlá wú, tó sì ń dá egbò sí i, ló ń bá mi fínra láti 2019. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti tò sórí ìlà, wọ́n ní àwọn ò rí káàdì mi, nọ́ọ̀sì kan wá jágbe mọ́ mi lójú gbogbo èrò bíi pé mo jẹ ẹ́ ní gbèsè. Àbúrò ọkọ mi tó sìn mí lọ ò dá sí i, fóònù ló ń tẹ̀. Èsì dé: ESR 58, CRP 4 (méjèèjì ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá nǹkan ń wú nínú ara), PCV, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀, 31, albumin, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀, náà wálẹ̀. Dókítà ní òun ò ní torí ESR kọ prednisolone, oògùn tó ń mú wíwú lọ sílẹ̀, fún mi, kí n lọ ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní calprotectin. Owó ìgbẹ́ yìí ju ti ẹ̀jẹ̀ lọ! Ṣé wọn ò fẹ́ jẹ owó mi báyìí? Ṣé kí n pààrọ̀ dókítà?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Jẹ̀díjẹ̀dí nìyẹn. Ọkọ mi ya ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí à ń kọ́lé, agbo ló wò ó sàn. Fi ṣúgà sílẹ̀.

Bàbá Tómi: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹni tí ìfun rẹ̀ ti légbò kọ́ là ń fún ní agbo tó ń ṣínú.

Adé Manchester: Crohn's, àrùn ìfun mìíràn tó jọ colitis, ni tèmi. CRP ò parọ́ fún mi rí. Ó ti wọ 70 kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. 4 ò tó nǹkan, àǹtí, ara yín ti yá.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Bọ̀dá Adé, ẹ má fi Crohn's yín wọn colitis ẹlòmíràn. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe CRP. Nínú Crohn's ó sábà máa ń gòkè, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó ní colitis, ìfun wọn á máa wú, CRP wọn ò ní mira. ESR ní tiẹ̀, ohun tó ń gbé e sókè pọ̀: àìtó ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ orí, oyún. Àǹtí, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń yàgbẹ́ lóòjọ́? Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Oògùn wo lẹ ń lò?

Adé Manchester: Dókítà tèmi, CRP ló fi ń tẹ̀lé mi. Ṣé ẹ mọ̀ jù ú lọ ni?

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Ó yẹ fún yín torí pé tiyín ń gòkè. Ìyẹn ò sọ ọ́ di òfin.

Ẹni tó béèrè: Ẹ má jà. Ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ owó o.

Ìyá Ìbejì: Ṣúgà! Mo tún sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Oògùn ńkọ́, àǹtí?

Ẹni tó béèrè: Mi ò fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba, nítorí ayé. Oyún oṣù mẹ́rin wà nínú mi. Mo ti fi mesalazine, oògùn colitis mi, sílẹ̀ látìgbà tí mo ti mọ̀. Ta ló máa fi kẹ́míkà bọ́ ọmọ inú? Dókítà ò bi mí, èmi náà ò sọ.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Há! Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Oyún nìkan lè gbé ESR sókè, kó sì fa PCV àti albumin wálẹ̀, torí omi inú ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń yà kì í ṣe ti oyún. Ìgbẹ́ yẹn ló máa là á fún wa: inú ìfun gan-an ni calprotectin ti ń wá, oyún kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á rú. Bó bá ju 250 lọ, ìfun ń wú nìyẹn. Owó rẹ̀ tọ́ sí i. Aboyún ń lo mesalazine. Colitis tó bá ń le sí i ló lè mú kí wọ́n bímọ láìpé oṣù. Ẹ pe dókítà lónìí, ẹ sọ oyún, ẹ sọ oògùn tí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ibuprofen, oògùn ìrora yẹn, ó lè gbé calprotectin náà sókè.

Ìyá Ìbejì: A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ tọmọ. Mo yọwọ́ agbo kúrò o.

Ẹni tó béèrè: Àmín. Ọkọ mi ti ń pe dókítà báyìí. Ilé àyẹ̀wò wo ló ń ṣe calprotectin n'Ìbàdàn, èló sì ni?