Kí ló dé tí ọdún fi ń sáré bí a ṣe ń dàgbà sí i?

Aláròjinlẹ̀: Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìsinmi láàárín sáà ẹ̀kọ́ kan sí èkejì a máa gùn débi pé a ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ibi tí oníkálukú ń jókòó sí nínú kíláàsì. Ní báyìí tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, n kì í tíì bọ́ nínú kíkí ara wa kú ọdún tuntun tí òmíràn fi ń dé. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe rí fún ẹ̀yin náà?

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta: Ara ọmọ ni mo ti rí i. Mo ra bàtà funfun kan fún àbíkẹ́yìn mi, mo sì tọ́jú rẹ̀ sínú páálí rẹ̀ títí di ọjọ́ tí a ó bá ní òde pàtàkì. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, gìgísẹ̀ ọmọ kò wọlé mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí wọ́n kì sí imú bàtà náà láti ilé ìtajà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn òru tí mo fi ń pọ̀n ọ́n kiri yàrá kò tètè mọ́ rárá, ṣùgbọ́n ọdún tí àwọn òru náà wà nínú rẹ̀, n kò mọ ìgbà tó kọjá.

Òǹkàwé: Màmá, ọ̀rọ̀ bàtà yìí wọ̀ mí lára gan-an.

Olùkọ́ Ìṣirò: Paul Janet, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti sọ̀rọ̀ lórí èyí ní 1877. Lójú rẹ̀, gbogbo ọjọ́ tí ènìyàn ti lò láyé ló fi ń díwọ̀n èyí tó ń lò lọ́wọ́. Ọdún kan jẹ́ ìdá kan nínú 10 ayé ọmọ ọdún 10, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú 50 ló jẹ́ fún ẹni 50 ọdún.

Nọ́ọ̀sì: Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ̀yin olùkọ́, n kò fara mọ́ ọn. Mo ti lé ní 40 ọdún kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí. Bí ó bá jẹ́ ti ìṣirò nìkan, ọdún yẹn ì bá sáré ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, àmọ́ òun ni mo lè ka oṣù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí dòní, nítorí pé ohun gbogbo ló ṣàjèjì sí mi. Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, tí iṣẹ́ ti mọ́ mi lára, ti dàpọ̀ mọ́ra wọn.

Àbúrò Yín: Ọmọ ọdún 22 ni mí, ọdún sì ń sáré fún èmi náà. Fóònù tí a ń wò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni mo fura sí.

Olùkọ́ Ìṣirò: Àbúrò mi, ta ló ní fóònù lápò ní 1877 tí Janet ti ń sọ ọ́?

Nọ́ọ̀sì: Síbẹ̀, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àbúrò wa pé kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan. Ẹni ọdún 23 ni Michel Siffre, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta, ọmọ ilẹ̀ Faransé, nígbà tó wọ ihò abẹ́ ilẹ̀ ní òkè Alps ní 1962, láìmú aago dání. Nígbà tí wọ́n ní kí ó máa bọ̀ lókè ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ló rò pé òun wà. Níbi tí ọjọ́ kan kò ti yàtọ̀ sí èkejì, ọjọ́ 25 ti lọ mọ́ ọn lójú.

Bàbá Àgbà: Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, ṣùgbọ́n lójú mi, àná ni àwa tí a jọ ṣeré túká. Mo ṣì mọ bí kọ́kọ́rọ́ yàrá àkọ́kọ́ tí mo gbà ṣe máa ń há, tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gbé ilẹ̀kùn sókè díẹ̀ kí ó tó yí i. Ẹ má bi mí léèrè nípa kọ́kọ́rọ́ ilé tí mò ń gbé báyìí. Ṣùgbọ́n ọ̀sán tèmi kì í yára o. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni ọ̀sán ti ń pẹ́ lójú mi.

Aláròjinlẹ̀: Bàbá, ohun tí ẹ sọ bá ìwádìí kan mu. Ní 2005, Marc Wittmann àti Sandra Lehnhoff gbé àbájáde ìbéèrè tí wọ́n bi ènìyàn 499 ní Jámánì àti Austria jáde, láti ẹni ọdún 14 títí dé ẹni 94. Lórí ọ̀sẹ̀ àti oṣù, ìyàtọ̀ àárín ọmọdé àti àgbà kò tó nǹkan. Ọdún 10 tó ti kọjá ni àwọn àgbà sọ pé ó sáré. Bí òru Màmá ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta: Mo dúpẹ́ o. Ṣùgbọ́n bí àìsí ohun tuntun bá ló fà á, kí ni kí ẹni tó ń tọ́jú òbí tó dùbúlẹ̀ àìsàn ṣe? Oògùn kan náà, wákàtí kan náà, lójoojúmọ́ ni. N kò ní àyè láti lọ kọ́ iṣẹ́ tuntun.

Nọ́ọ̀sì: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìtọ́jú. Àwọn aláìsàn tí mò ń tọ́jú a máa sọ ìtàn tí àwọn ọmọ wọn kò gbọ́ rí, bí ẹnìkan bá bi wọ́n. Ẹ bi Màmá léèrè ohun kan nípa ìgbà èwe wọn lálẹ́ òní.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta: Bàbá mi ni. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n n ó bi wọ́n.