Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n fi ọ̀rọ̀ màmá mi sínú iṣẹ́ kíláàsì?

Ẹni tó fi orúkọ bò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo fi orúkọ bò nítorí màmá mi, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tí mo lè bá sọ ọ́ nílé.

Mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, lítíréṣọ̀ ni mò ń kà. Nínú kọ́ọ̀sì kan ní sáà yìí, bí a bá ti ka ìwé kan tán, olùkọ́ wa kì í ní ká wá sọ ìtàn inú rẹ̀ fún òun. Ohun tí ìwé náà ṣe sí wa ló ní ká kọ. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ó máa ń pe ẹni méjì kí wọ́n ka tiwọn sókè létí gbogbo kíláàsì.

Aké, ìwé tí Wọlé Ṣóyínká kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀, la kọ́kọ́ kà. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí. Mo mọ Aké, mo mọ Ìbarà tí ọmọ náà tẹ̀ lé àwọn ọlọ́pàá onífèrè dé, mo rò pé tèmi ni ìwé yẹn. Mo kọ ọ́ pé ó dùn, pé ó kọ́ mi ní ìtàn ìlú mi, pé ọmọ náà gbọ́n. Máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni mo gbà. Bíírò pupa ni olùkọ́ fi kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Ìwọ dà?"

Ẹ̀yìn ìyẹn la ka The Joys of Motherhood ti Buchi Emecheta, tó jáde ní 1979. Fún ẹni tí kò tíì kà á: obìnrin ará Ibuza kan, Nnu Ego, wá fẹ́ ọkọ ní Èkó láyé àwọn òyìnbó. Àkọ́bí tó bí fún un kú lọ́mọ ọwọ́. Ó sáré kúrò ní Yaba, ó forí lé afárá Carter láti lọ bẹ́ sómi, àwọn èèyàn ló dì í mú. Nígbà tó yá, ó bímọ, ó tún bímọ. Ó ta sìgá, ó ta ìṣáná, ó ta igi ìdáná, kí àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ lè kàwé. Ọ̀kan lọ sí Amẹ́ríkà, ọ̀kan lọ sí Kánádà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló kú sí, lóru, kò sí ọmọ kankan tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìgbà tó kú tán ni wọ́n wá ṣe òkú rẹ̀, ìnáwó tí Ibuza ò rí irú rẹ̀ rí.

Mo ka ibẹ̀ tán, oorun ò kùn mí mọ́. Àdìrẹ ni màmá mi ń so, òun náà ni wọ́n ń tà lọ́jà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Kánádà, ọdún márùn-ún rèé. Ilẹ̀ tí bàbá wọn pín fún wọn ni wọ́n tà kó lè lọ. Ọdún Kérésì ló máa ń pè, ìyẹn tó bá pè. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi màmá mi lọ́jà, ẹ ó gbọ́ pé gbogbo Sọ́ńdè ló ń pè. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan lọ́dún tó kọjá, mo bá wọn níwájú ilé, wọ́n gbé fóònù sétí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé òtútù yẹn ò pọ̀ jù? Ṣé o ti jẹun?" Ará ilé kejì ń kọjá, ó ní kí wọ́n bá òun kí i, wọ́n sì bá a kí i. Fóònù àtijọ́ ni fóònù yẹn. Kò sí síìmù nínú rẹ̀. Èmi ni mo yọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú.

Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Òru yẹn ni mo kọ gbogbo rẹ̀, ojú ìwé mẹ́fà, láìsinmi. Mo pè é ní irọ́ màmá mi. Mo mọ̀ pé mi ò kọ ohun tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọmọ àdúgbò wa kan wà ní kíláàsì náà, ìsọ̀ ìyá rẹ̀ àti ti màmá mi fara kanra. Tí olùkọ́ bá pè mí ní Ọjọ́bọ̀ ńkọ́? Ṣé kí n fún olùkọ́ bẹ́ẹ̀, àbí kí n kọ òmíràn tí kò ní kàn wá?

Ìyá Ìbejì

Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, omi bọ́ lójú mi. Èmi náà lọ́mọ lókè òkun. Má fún olùkọ́. Ohun tí màmá rẹ ń ṣe níwájú ilé yẹn, aṣọ ni wọ́n fi ń bo ara. Ṣé ìwọ tí wọ́n bí ló yẹ kó wá ṣí i lára wọn lójú ọjà? Máàkì mélòó ló tó ìtìjú tí wọ́n máa jẹ tí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn? Kọ nípa Nnu Ego. Òun kò ní jí lọ́la kó tún lọ pàtẹ.

Àgbà Kíláàsì

Ìyá Ìbejì, mo kí yín mà. Mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ti jókòó ní irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ sọ tèmi. Aké lèmi náà kọ̀wé lé lórí. Ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi, bíi bàbá Ṣóyínká tí ọmọ náà ń pè ní Essay nítorí S. A. tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Mo kọ ojú ìwé márùn-ún lórí pàṣán bàbá mi. Olùkọ́ mi ní, "Mo rí bàbá rẹ, mi ò rí ìwé." Ó ní kí n padà lọ ka ibi tí ọmọ náà ti kó ìwé bàbá rẹ̀ dání, tó lọ síléèwé nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta, tó ní àfi kí wọ́n gba òun.

Ìgbà tí mo tún ibẹ̀ kà ni mo tó rí i pé ọmọ yẹn ò bẹ̀rù ìwé bàbá rẹ̀ rárá. Èmi kì í fọwọ́ kan ti bàbá mi. Ibi tí èmi àti òun ti yà ni mo kọ, kò ju ojú ìwé méjì lọ, òun sì ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ ní yunifásítì. Àbúrò, nínú ojú ìwé mẹ́fà yẹn, mélòó ni Nnu Ego wà?

Ẹni tó fi orúkọ bò

Ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán. Kò tó méjì. Ìyókù, màmá mi ni, àti ìbínú mi sí ẹ̀gbọ́n mi.

Ará Calgary

Àbúrò mi, mo kọ́kọ́ fẹ́ kọjá lọ láìsọ nǹkan kan. Ọdún keje mi rèé ní Kánádà. Oṣù mẹ́jọ kan wà tí mi ò pe ìyá mi. Ilẹ̀ ilé ìtajà ni mò ń fọ̀ lóru nígbà yẹn. Bí mo bá ti gbé fóònù, mo máa ń rò ó pé wọ́n á bi mí ìgbà tí mò ń bọ̀ wálé, owó ọkọ̀ òfuurufú ò sì sí. Mo bá ń sún un di ọ̀la, títí ọ̀la fi pọ̀ ju ohun tí mo lè ṣàlàyé lọ.

Mi ò gbèjà ẹ̀gbọ́n rẹ o, mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo ti ka ìwé yẹn. Emecheta ò tẹ̀ lé àwọn ọmọ Nnu Ego dé òkè òkun. Ọ̀dọ̀ ìyá ló dúró sí. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, mo gbé ìwé náà sọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ kejì ni mo pe ìyá mi. Tí o bá máa fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ, sọ pé o ò mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Má kọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀.

Àdùkẹ́

Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí. Ibi iṣẹ́ ni mo wà, mi ò lè dá ẹkún dúró.

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Ọmọ mi, ọdún 31 ni mo fi kọ́ lítíréṣọ̀ ní iléèwé gíga. Jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún ọ nípa obìnrin tó kọ ìwé yẹn. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1944. Ó lọ bá ọkọ rẹ̀ ní London ní 1962, ó bí ọmọ márùn-ún, ọkọ yẹn sì dáná sun ìwé àkọ́kọ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Nígbà tó máa sọ ìyà náà ní 1974, nínú Second-Class Citizen, Adah ló pe obìnrin inú rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ ẹni tí Adah jẹ́. Ó di 1986 kó tó sọ ìtàn ara rẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀, nínú Head Above Water. Ọdún méjìlá wà láàárín. Nítorí náà, kì í ṣe dandan kí ohun tí o kọ lónìí dé etí gbogbo ayé lónìí. Lọ bá olùkọ́ rẹ ṣáájú Ọjọ́bọ̀, sọ fún un pé kí ojú òun nìkan rí i. Lọ́dún tí mo fi ṣiṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀ ò pọ̀, mi ò sì fìyà jẹ ọ̀kankan nínú wọn.

Èkejì ló jẹ mí lógún jù. Padà sí òpin ìwé náà, díẹ̀ ṣáájú ibi tó ti kú. Nnu Ego máa ń lọ sí gbàgede oníyanrìn kan nítòsí ilé rẹ̀, á máa sọ fún àwọn èèyàn pé ọmọ òun wà ní "Emelika", àti pé òmíràn tún wà ní ilẹ̀ òyìnbó. Kò lè pe orúkọ Kánádà. Ọ̀kan nínú irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ló ti ń bọ̀ tó fi dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Nínú ohun tí o kọ síbí, o dárúkọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, o ò dárúkọ gbàgede. Bẹ́ẹ̀, gbàgede ni màmá rẹ wà lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn. Kí ni Nnu Ego ń wá níbẹ̀? Fi ojú ìwé kan gbáko dáhùn kí o tó mẹ́nu ba màmá rẹ. Lẹ́yìn náà, tún ọ̀rọ̀ tí o fi pe tiwọn wò.

Ìyá Ìbejì

Tíṣà, ẹ ṣeun. Mo ti rò ó sí ọ̀tún, mo rò ó sí òsì. Tí ọmọ yìí bá máa kọ ọ́, kó kọ́kọ́ kà á fún ìyá rẹ̀. Tí ìyá bá ní rárá, rárá náà nìyẹn, kó fà á ya.

Ẹni tó fi orúkọ bò

Ẹ kú àná o, gbogbo yín. Mo kà á fún wọn.

Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ń fi ìko so aṣọ. Ibi gbàgede ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mò ń yí i sí Yorùbá bí mo ti ń kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí Nnu Ego ò lè pe Kánádà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n bi mí bóyá ẹni tó kọ ọ́ bímọ. Mo ní márùn-ún ni. Wọ́n ní, "Ó mọ ohun tó ń sọ."

Mo wá ka tèmi. Ohùn mi ń gbọ̀n. Wọn ò wò mí, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í so aṣọ. Ìgbà tí mo ka ti fóònù tán, ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó fọhùn.

"Mo mọ̀ pé o mọ̀. Ìwọ lo yọ síìmù."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, wọ́n ní kí n dákẹ́.

"Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n má pè é ní irọ́. Mò ń bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ ni."

Mo lọ rí olùkọ́ láàárọ̀ yìí, ó gbà pé òun ò ní pè mí. Ojú ìwé mẹ́fà ti di mẹ́rin, Nnu Ego sì wà nínú mẹ́ta níbẹ̀. Mo yọ gbogbo ohun tí mo sọ nípa ẹ̀gbọ́n mi, àfi gbólóhùn kan. Ibi méjì ni mo ti kọ irọ́. Mo pa á rẹ́ ní ibi méjèèjì, mo sì fi ohun tí màmá mi sọ síbẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn, ní Yorùbá, láàárín Gẹ̀ẹ́sì.