Ta ló ń san owó ẹ́ńjìnnì? Ìrírí wa lórí bàálù míṣọ̀n

Akápò kọmití míṣọ̀n:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ọ̀pọ̀ yín ti sọ bí ìjọ yín ṣe dáwó fún bàálù tó ń gbé míṣọ́nnárì lọ síbi tí mọ́tò ò lè dé. Apá tí a kì í sábà gbọ́ ni mo fẹ́ sọ, torí ọwọ́ mi ni àpò owó míṣọ̀n ìjọ wa wà, ó sì ti pẹ́ díẹ̀.

Owó tí wọ́n fi ń ra bàálù kì í fi bẹ́ẹ̀ nira láti dá. Ẹ ṣáà gbé àwòrán rẹ̀ sára ògiri: bàálù funfun kékeré láàárín òkè, àwọn ọmọdé dúró tì í. Tọmọdé tàgbà ni yóò tọwọ́ bàpò. Lọ́dún tí àjọ kan tí a ń bá ṣiṣẹ́ fẹ́ ra Cessna 206, irú bàálù kékeré kan, àwọn opó mú owó wá, àwọn ọmọ kéékèèké fọ́ kóló wọn. A ti san ìpín tiwa kí ọdún náà tó parí.

Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, àjọ náà kọ̀wé pé ẹ́ńjìnnì ti fẹ́ lo wákàtí rẹ̀ tán. Wákàtí ìfò 1,700 ni ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn là sílẹ̀ fún un. Tó bá ti pé, wọn ó tú u palẹ̀, wọn ó yẹ ẹ̀ya ara rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ó pààrọ̀ èyí tó ti jẹ, wọn ó sì tún un tò, kódà tí bó ṣe ń dún kò bá tíì yí padà rárá. Mo ka lẹ́tà náà fún ìjọ. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ìyá àgbà kan dìde, wọ́n ní, "Akápò, ṣé bàálù tá a rà yẹn náà ni? Ó ti bàjẹ́ ni?" Mo ní, "Kò bàjẹ́ o, Mà. Iṣẹ́ ló ṣe."

Ọrẹ ọjọ́ yẹn kò tó nǹkan. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbé pátákó wá. Mo ní ká sọ pé títún un tò máa gba 51,000 dọ́là. Ẹ pín in sí 1,700, ó di 30 dọ́là. Wákàtí kan tí bàálù bá fò, gbèsè 30 dọ́là ló ti jẹ lórí ẹ́ńjìnnì nìkan, a ò tíì dárúkọ epo, táyà, ìnṣọ́ránsì àti owó ìbalẹ̀. Bí a kò bá yà á sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀ máa dé.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ti wa bàálù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì wà lára àwọn tó dá Mission Aviation Fellowship, àjọ tó ń fi bàálù ṣiṣẹ́ míṣọ̀n, sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1945. Betty Greene, obìnrin kan lára wọn, ló wa bàálù wọn àkọ́kọ́, tí orúkọ irú rẹ̀ ń jẹ́ Waco, lọ sí Mẹ́síkò ní 1946. Kò pẹ́ lẹ́yìn tó fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ tó fi bàjẹ́ níbi tí wọ́n ti ń balẹ̀. Nate Saint, míṣọ́nnárì tó mọ bàálù tún ṣe, ni wọ́n rán lọ tún un ṣe. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé àwọn Waorani, ẹ̀yà kan tó ń gbé inú igbó, pa Saint ní Ecuador ní January 1956. Èmi a máa ronú sí sípánà tó gbé lọ sí Mẹ́síkò. Ìyẹn gan-an ni wọn kì í gbé sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì.

Nọ́ọ̀sì:

Ẹ ṣeun, Akápò. Ibi tí bàálù ń balẹ̀ sí lèmi wà, ní Gúúsù Sudan. Tójò bá ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ dúdú ibẹ̀ á di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, mọ́tò á rì sínú rẹ̀. Ibi tí bàálù ń fò ní nǹkan bíi wákàtí kan, mọ́tò lè lo ọjọ́ mélòó kan lójú ọ̀nà, tí kò bá tiẹ̀ há pátápátá.

Obìnrin kan ti ń rọbí láti àná, ọmọ dábùú nínú rẹ̀. Apá wa ò ká a. A pe bàálù tó ń kó ẹrù lọ sí abúlé mìíràn, ó yà sọ́dọ̀ wa. Gbogbo ẹni tó bá máa wọ bàálù kékeré ló ń gun òṣùwọ̀n, tòun ti àpò ọwọ́ rẹ̀, páílọ́ọ̀tì á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ̀n ò gbà. Wọ́n kó páálí Bíbélì bíi mélòó kan sílẹ̀, wọ́n tú àga kan kúrò, kí obìnrin náà lè rí àyè dùbúlẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ni àwọn Bíbélì yẹn wà títí bàálù fi tún padà wá kó wọn.

Ohun tí mi ò gbàgbé ni pé kí wọ́n tó gbéra, páílọ́ọ̀tì bẹ̀rẹ̀ mọ́ abẹ́ ìyẹ́, ó fa epo díẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù tó mọ́ gaara, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó ń wò bóyá omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Ọkọ obìnrin náà ń pariwo pé kí wọ́n máa lọ! Ó rọra lọ sábẹ́ ìyẹ́ kejì, ó tún ṣe é níbẹ̀. Tìyá tọmọ ló padà wálé.

Ìgbà kan wá dé tí bàálù yẹn lọ fún àyẹ̀wò, owó ẹ̀ya ara tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ kò sí nílẹ̀, ó wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Yìnyín tí a fi ń mú abẹ́rẹ́ tutù tán lọ́dọ̀ wa. A kó abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé dànù. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá ní owó ẹ́ńjìnnì kì í ṣe owó ìhìnrere, kó wá bi mí.

Mẹkáníìkì:

Ẹ̀gbọ́n Akápò, ẹ kú ìṣirò. Kí n fi ti epo kún un. Avgas, irú pẹtiróòlù tí wọ́n ṣe fún bàálù, ni Cessna 206 ń lò, epo yìí sì ti ṣọ̀wọ́n gan-an níbi tó jìnnà. Inú dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n ń gbé e lọ, kó tó débẹ̀, ó lè wọ́n ju iye tí wọ́n rà á lọ ní ìlọ́po. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àjọ fi ń yí sí bàálù tó ń lo Jet A, tó jọ kẹrosíìnì, bíi Caravan àti Kodiak. Àwọn àjọ míṣọ̀n fúnra wọn wà lára àwọn tó dáwó kí ilé iṣẹ́ Quest tó lè ṣe Kodiak, ní Sandpoint, ní ìpínlẹ̀ Idaho. Owó rírà rẹ̀ ju ti 206 lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ó ń ru ẹrù dáadáa, ó sì ń gbéra lórí pápá kúkúrú.

Ẹ má tètè yọ̀ sí bàálù ọ̀fẹ́. Ẹnì kan fi ti bàbá rẹ̀ tó ti kú ta àjọ wa lọ́rẹ. Inú ìyẹ́ ti dípẹtà, a ò lè fi gbé èèyàn.

Ohun kan ń dùn mí, mo fẹ́ sọ ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ àjọ wọ̀nyí, páílọ́ọ̀tì àti mẹkáníìkì ló ń wá ẹni tí yóò máa ràn wọ́n lọ́wọ́ fún oúnjẹ ara wọn. Páílọ́ọ̀tì máa ń tètè rí, torí òun ló wà nínú àwòrán. Mo mọ mẹkáníìkì tó jáfáfá tó padà sílé torí pé ìrànlọ́wọ́ tó ń rí kò pé, bàálù tó yẹ kó tún ṣe wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Akápò kọmití míṣọ̀n:

Àbúrò, ẹ ṣeun, mo gbọ́. Àwa ti ṣí àpò mìíràn báyìí, wákàtí là ń tà. Ìdílé lè mú wákàtí kan, ẹgbẹ́ akọrin lè mú mẹ́wàá, 30 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan, àjọ náà sì ń fi iye wákàtí tí bàálù fò ránṣẹ́ sí wa lóṣooṣù, mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ó ń lọ déédéé. Ti mẹkáníìkì ni mo máa gbé lọ síwájú kọmití báyìí, a ò tíì ronú kàn án.

Ìnṣọ́ránsì ló kù tí ọ̀nà rẹ̀ ò tíì yé mi. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń béèrè rẹ̀, ó sì pọ̀. Ẹ̀yin tí ìjọ yín ń dá sí i, báwo lẹ ṣe ń pín in?