Ojú ọmọ mi pọ́n, oòrùn àárọ̀ kò sì wò ó sàn

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń sọ pé oòrùn àárọ̀ ni oògùn ọmọ tuntun tí ojú rẹ̀ bá pọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi.

Ọjọ́ kẹta tí mo bí ọmọkùnrin mi kejì ni ojú rẹ̀ pupa rúsúrúsú. A gbé e sínú oòrùn àárọ̀ lẹ́yìnkùlé. Kó tó di òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e, ọmọ ti kọ ọmú. Mo bá ki ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á fà á lẹ́ẹ̀kan, á jẹ́ kó bọ́. Ẹkún rẹ̀ sì yí padà, ó ń han gooro. Ìyá ọkọ mi tó ń wẹ̀ ẹ́ ló kọ́kọ́ fura: "Ìyàwó wa, ẹkún ebi kọ́ nìyí o. Wo bó ṣe ń gan, tó ń tẹ̀ sẹ́yìn." Ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ l'Ékòó, ni èmi àti Màmá bá wọ máàrúwá lọ sílé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí n jókòó. Ó fi ìka tẹ imú ọmọ, ó gbé ìka kúrò, ibẹ̀ rí bí ẹni pé wọ́n fi ata ilẹ̀ pupa pa á. Ó wo èrìgì, ó wo àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ló ti ń hàn kedere lára ọmọ aláwọ̀ dúdú.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ ń fọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò sì tíì lágbára láti kó ìdọ̀tí pupa rúsúrúsú tó ń ti ara ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ jáde, tí wọ́n ń pè ní bilirúbìn. Tó bá pọ̀ jù, ó ń wọ ọpọlọ. Ó lè di ọmọ létí, ó lè sọ ọ́ di aláàbọ̀ ara, ó sì lè pa á. Wọ́n gbé e sábẹ́ iná búlúù tó ń dín bilirúbìn kù, wọ́n fi aṣọ bò ó lójú. Iná nìkan kò tó. Àfi kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Àbúrò ọkọ mi sáré wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ojú ìwọ́ ni wọ́n gbà: wọ́n á fa díẹ̀ jáde, wọ́n á ti díẹ̀ wọlé, títí yóò fi tó ìlọ́po méjì ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà, mo ń pe Ọlọ́run.

Dókítà wá bi wá bóyá kàfúrà wà nínú aṣọ ọmọ. Inú àpótí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ la ti kó aṣọ náà, òórùn kàfúrà ṣì wà lára ìborùn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà kí wọ́n tó pààrọ̀ fi hàn pé G6PD rẹ̀ kò tó, ìyẹn èròjà inú ara tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè fọ́; kàfúrà sì lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí kò ní in tó. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin wa ló ní irú àbùkù yìí, ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n sì ti ń jogún rẹ̀. Màmá bú sẹ́kún. Mo dì mọ́ ọn. Ta ló sọ fún un rí? Ìyá àgbà wo ni kì í kó kàfúrà sáàárín aṣọ?

Lóòótọ́, àwọn dókítà fi oòrùn tọ́jú ọmọ l'Ékòó, wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde ní 2015. Ṣùgbọ́n abẹ́ ọ̀rá tó ń sẹ́ ìtànṣán burúkú ni, nílé ìwòsàn, wọ́n sì ń díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà. Ẹ̀yìnkùlé wa kọ́ nìyẹn.

Ọmọ mi ń gbọ́ràn, ó ń sáré, ọpẹ́ ni f'Ólúwa. Ẹni tó bá lóyún lọ́wọ́, kó ti béèrè báyìí bóyá ibi tó fẹ́ bímọ sí ní iná búlúù, àti ibi tí wọ́n ń gbé ọmọ lọ bí ọ̀rọ̀ bá di ti pípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀.