Fibromyalgia àti ẹsasáìsì: ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ ní in, kí lẹ ń ṣe gan-an?

Ìyá Ìbejì Ṣùúrùlérè
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí gbogbo ara ti ń ro mí, ọrùn, èjìká, ẹ̀yìn, ìbàdí, mo máa sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́, síbẹ̀ tí mo bá jí ó máa rẹ̀ mí bí ẹni tó fi gbogbo òru ru sìmẹ́ńtì. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ya fọ́tò egungun mi, wọn ò rí nǹkan kan. Ìyá ọkọ mi ní ibà ni, àwọn ará ilé wa ní ká lọ sórí òkè àdúrà. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà oríkèé ara ló tó sọ pé fibromyalgia ni, àìsàn tó máa ń mú kí gbogbo ara máa roni kó sì máa rẹni, ó ní kí n máa ṣe ẹsasáìsì, kí n sì máa fara balẹ̀. Ẹsasáìsì kẹ̀! Èmi tí mò ń wọ dánfó láti Ojúẹlẹ́gbà lọ CMS ní àràárọ̀, kí n tó bọ́ sílẹ̀ apá mi ò ní lè gbé báàgì mọ́. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́ Ìsàlẹ̀ Èkó
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Èmi náà ní in. Ẹsasáìsì tí wọ́n ń wí kì í ṣe ti jíìmù o, kì í ṣe kéèyàn máa fò sókè fò sílẹ̀. Rírìn ni mo fi bẹ̀rẹ̀, láàárọ̀ kí èrò tó kún Ìdúmọ̀tà, bí ìṣẹ́jú 5 péré, mo yípo àdúgbò wa mo wọlé. Tó bá ti mọ́ra lẹ ó máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Àmọ́ ọjọ́ tára bá fúyẹ́ gan-an ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra jù. Ṣé ẹ mọ àwa obìnrin, tára bá ti yá díẹ̀ báyìí a máa fọ gbogbo aṣọ ilé, a máa lọ ọjà, a máa se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan kalẹ̀, tó bá wá di ọjọ́ kejì a ò ní lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ pín iṣẹ́ yẹn. Ẹ fọ díẹ̀, ẹ jókòó, kódà tí kò bá tíì rẹ̀ yín, ẹ jókòó. Àwọn ìbejì náà lè pọn omi.

Físíò Yábàá
Ẹ ṣé, Àǹtí Àbẹ̀kẹ́. Ìyá Ìbejì, kò sí tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ tó ń fi àìsàn yìí hàn, kì í ṣe pé ẹ̀ ń purọ́. Iṣan yín ò bàjẹ́, ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń gba ìrora sí kíkankíkan ju bó ṣe yẹ lọ, ìdí nìyẹn tí rírìn jẹ́jẹ́ ò fi ní ba nǹkan kan jẹ́ lára yín bó tilẹ̀ ń dùn yín. Nígbà tí EULAR, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn dókítà oríkèé ara ní Yúróòpù, gbé ìmọ̀ràn wọn jáde ní 2016, nínú gbogbo ohun tí wọ́n yẹ̀ wò, tó fi mọ́ oògùn, ẹsasáìsì nìkan ni wọ́n fi gbogbo ẹnu gbà. Ó lè ro yín sí i díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Tó bá kọjá ọjọ́ 2 tí kò lọ, ẹ dín in kù, ẹ má pa á tì.

Ti ìfarabalẹ̀, èyí tí mo máa ń kọ́ àwọn obìnrin nìyí, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Edmund Jacobson, ló gbé e kalẹ̀: tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ dùbúlẹ̀, ẹ di ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún, jẹ́jẹ́ o, ẹ má fún un le, ẹ ka ení títí dé àrún, kẹ́ ẹ wá tú u sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa fọkàn bá a lọ bó ṣe ń dẹ̀. Ẹ bọ́ sí ọwọ́ òsì, apá, èjìká, ojú, ikùn, títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú yín lórí afárá, ẹ fa èémí sínú láti imú kí ikùn wú, ẹ fi ẹnu tú u jáde díẹ̀díẹ̀.

Tí oríkèé bá wú, tàbí tẹ́ ẹ kàn ń rù, ẹ tètè padà sọ́dọ̀ dókítà, ìyẹn lè jẹ́ nǹkan míì.

Ìyá Súlíyà Múṣin
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra oògùn ara ríro tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì o, ó lè ba ikùn àti kíndìnrín jẹ́. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ lálẹ́ dáa. Tẹ́ ẹ bá sì jẹ́ Mùsùlùmí tí rúkúù àti sùjúdù ń ni yín lára, ẹ jókòó kírun, ẹ̀sìn gbà á.

Ìyá Ìbejì Ṣùúrùlérè
Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Físíò, ọwọ́ ló ń dùn mí jù, kódà láti ṣí ìdérí ìgò. Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀?

Físíò Yábàá
Bẹ́ẹ̀ ni mà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá ń dùn yín, ẹ fò ó, ìyókù ara tó.