Báwo ni mo ṣe lè rí aṣọ tó bóde mu rà pẹ̀lú owó díẹ̀ ní Òṣogbo?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń fẹ́ ìmọ̀ràn yín, nítorí owó tí mo lè yà sọ́tọ̀ fún aṣọ kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ń béèrè pé kí n máa múra dáadáa. Ti bọ́síkọ̀rọ̀, ìyẹn aṣọ àlòkù, kò dà mí láàmú: bí mo bá ti yí inú aṣọ síta, tí mo wo abíyá, ojú rírán àti síìpù, tí mo sì nà án sí oòrùn láti mọ̀ bóyá ó ti ń ṣá, ọkàn mi balẹ̀.

Àdìrẹ ni ìṣòro mi. Òṣogbo ìlú aró ni ìlú wa, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà ní owó pọ́ọ́kú ni ẹ̀rọ tẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fi ìko di tàbí fi ẹ̀kọ ya. Mo máa ń wo ẹ̀yìn aṣọ, nítorí aró máa ń wọ ojúlówó dé ẹ̀yìn. Ǹjẹ́ àmì mìíràn wà tí mo lè wò kí n tó sanwó? Ṣé ó sì sàn kí n ra ọ̀pá, kí n gbé e fún télọ̀, àbí kí n ra èyí tí wọ́n ti rán? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn kí èrò ọdún Ọ̀ṣun tó kún ìlú lóṣù Ògún.